Sí Ladina, Tó Ń Díye Lé Ewu

Ladina, àbúrò mi,
wàrà àárọ̀ yìí jẹ́ àádóje lítà ó lé méjì.
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé Bàbá, lábẹ́ ti àná,
torí o ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí a bá fò
ló ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

Abúlé ń béèrè rẹ.
Ìyáàfin Barla oníbúrẹ́dì bi mí:
"Ṣé báńkì ló fẹ́ ṣí ní Súríìkì ni?"
Mo ní rárá o, ìṣirò owó ló ń kọ́,
ó gboyè àkọ́kọ́, ó tún padà lọ gba èkejì.
Ó ní, "Owó ta ni?"
N ò rí èsì fún un.

A ta Brunetta kí o lè san owó ilé oṣù mẹ́ta,
yàrá tó kéré ju ibùso rẹ̀ lọ.
Brunetta ò mọ̀ pé òun ti di yàrá.

O kọ̀wé pé ìrìn ọ̀mùtí lẹ fi bẹ̀rẹ̀:
ìṣísẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì,
ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run,
pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni iye ọjà ṣe ń rìn.
Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn màlúù fi yíjú wò mí.
Ṣebí bí Risch àbúrò Bàbá ṣe ń darí wálé nìyẹn
ní gbogbo alẹ́ Sátidé?
Ẹnikẹ́ni ò fún un níwèé ẹ̀rí.
Lóṣù kẹta ọdún yẹn ìrìn rẹ̀ pàdé odò.
Mo wá bi ọ́: ṣé odò wà nínú ìṣirò yín?
O ní ó wà. O ní ẹ lórúkọ fún un:
ògiri tí í gbé arìnrìn mì.
Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Iye ni wọ́n ń kọ́ ọ,
ìyè ni mo ń bọ́ ní koríko,
iyè Bàbá sì ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀;
lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí ló pè mí ní Risch.

Ìwé ewu lò ń kà,
ewú ti ń yọ lórí rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Mo rí i nígbà tí o wálé lóṣù kẹjọ,
lẹ́yìn tí yìnyín gún koríko wa mọ́lẹ̀,
tí ọkùnrin adójútòfò láti Chur jókòó ní tábìlì wa,
tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì,
tó ní ìlọ́po méjì la ó máa san lọ́dún tó ń bọ̀.

O ò bá a jà. O mú ẹfun,
o dojú kọ ilẹ̀kùn ilé màlúù,
o kọ lẹ́tà Gíríìkì tó tẹ̀ bí ìwo,
o kọ àmì kan tó nàró bí ejò,
o fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀:
"Iye tó yẹ ká san nìyí."
Ọkùnrin náà wò ó pẹ́.
Ó ní òun ò gbédè yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún òun.
O ní, "Èmi ni mo fẹ́ lọ máa sọ fún kọ̀ǹpútà."

Bàbá ló dìde.
Ó fìka tọ ejò yẹn láti ìdí dé orí,
ó ní, "Ibi tọ́nà òkè ti ṣẹ́rí nìyí.
Níbẹ̀ ni yìnyín ti máa ń bẹ̀rẹ̀,
àfi lọ́dún tí afẹ́fẹ́ gúúsù bá pẹ́."
Ìwọ, tó o ti ka ìwé tó ga tó mi,
o kúnlẹ̀ o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣirò náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. N ò nù ún.
Ṣùgbọ́n ọmọ tí Brunetta bí fẹ́ràn ẹfun;
ó ti lá gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdọ́gba.
Jọ̀wọ́, tún èsì náà fi ránṣẹ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọkùnrin yẹn ń padà bọ̀.